Ìró Kámẹ́rà: Ṣé Àgò Ni àbí Ariwo?

Láti ìgbà tí a ti dáhùn ìbéèrè kan nípa kámẹ́rà tí ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà, àwọn lẹ́tà tí ó ń wọlé sí wa ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò bèèrè nípa àwòrán rárá. Ìró tí kámẹ́rà máa ń dún nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè nípa rẹ̀. Inú mi dùn sí èyí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé ìró kékeré yẹn ń sọ ohun ńlá nípa bí ènìyàn ṣe ń bá ọmọnìkejì rẹ̀ lò. Mo yan márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè náà. Ìwúwo wọn kò dọ́gba, nítorí náà gígùn ìdáhùn mi kò ní dọ́gba.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra fóònù àlòkù kan tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Japan. Gbogbo nǹkan rẹ̀ ni ó dára, àmọ́ bí mo bá fi ya àwòrán, ó máa ń dún kíkankíkan, bí mo tilẹ̀ ti pa gbogbo ohùn rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí ẹni tí ó tà á fún mi fi àbùkù rẹ̀ pamọ́?

Fóònù yín kò bàjẹ́, ẹni tí ó tà á fún yín kò sì rẹ́ yín jẹ. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ J-Phone ní Japan gbé fóònù kan tí Sharp ṣe jáde, J-SH04 ni orúkọ rẹ̀, ó ní kámẹ́rà ní ẹ̀yìn, ènìyàn sì lè fi àwòrán tí ó bá yà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán ní àárín èrò sábà máa ń gbé kámẹ́rà sókè sí ojú, àwọn tí ó wà níbẹ̀ á sì rí i. Fóònù yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí ẹni tí ó tẹjú mọ́ fóònù lè máa ka ìròyìn, ó lè máa wo aago, ó sì lè máa ya ẹni tí ó jókòó ní iwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ya abẹ́ aṣọ àwọn obìnrin nínú ọkọ̀ ojú irin àti lórí àtẹ̀gùn. Tōsatsu ni àwọn ará Japan ń pe irú àwòrán tí a jí yà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta fóònù níbẹ̀ fi fohùn ṣọ̀kan pé kámẹ́rà fóònù gbọ́dọ̀ máa dún, kí ẹni tí ó ni ín má sì ní agbára láti pa ìró náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin ìjọba ni èyí, ṣùgbọ́n kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ ni, tí wọ́n fúnra wọn ṣe, tí wọ́n sì ń pa mọ́. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Apple náà fi ń tẹ̀ lé e nínú iPhone tí wọ́n ń tà ní orílẹ̀-èdè náà. Ní Gúúsù Kòréà, wọ́n tilẹ̀ fi ìwọ̀n sí i. Ní ọdún 2004, àjọ tí ó ń ṣètò ìlànà fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ sọ pé kámẹ́rà fóònù gbọ́dọ̀ dún ní ìwọ̀n 60 sí 68 dẹ́síbẹ̀lì, bí ẹni tí ó ni fóònù tilẹ̀ ti pa ohùn rẹ̀. Bí ẹni méjì bá jókòó tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lásán, ohùn wọn súnmọ́ 60 dẹ́síbẹ̀lì. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kí fóònù náà sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ẹni tí ó wà nítòsí lè gbọ́.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Èrò mi lórí èyí pín sí méjì, n kò sì ní fi èyíkéyìí pamọ́. Ní ọdún 2018, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn obìnrin tú jáde sí òpópónà Seoul lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi ẹ̀hónú hàn lórí àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ilé ìyàgbẹ́ àti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Àwọn kámẹ́rà wọ̀nyẹn kéré, wọn kì í ṣe fóònù, wọn kì í sì í dún. Bákan náà, ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ya àwòrán jíjí lè wá áàpù tí kì í dún, tàbí kí ó ya fídíò kí ó sì mú àwòrán kan jáde láti inú rẹ̀. Ẹni tí ìró náà ń dá lẹ́kun gan-an ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ya ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, àti ẹni tí ó fẹ́ ya ojú ìwé kan nínú ilé ìkàwé. Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà pé ní ọdún 2023, nígbà tí àjọ ìjọba Gúúsù Kòréà tí ó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ tí ó sì ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn 3,851, ìdá 85.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó ni fóònù pinnu fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, n kò lè pe ìró náà ní asán. Obìnrin tí ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lè yí ojú padà, ó lè pariwo, ó lè pe ọlọ́pàá. Kí ìró náà tó wà, kò sí ohun tí yóò ta á lólobó. Ní Amẹ́ríkà, aṣòfin kan láti New York, Peter King, gbé àbá òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 2009 pé kí wọ́n fi dandan lé irú ìró yìí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbá náà kò di òfin. Ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá gbà ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ìwà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ yíya abẹ́ aṣọ ènìyàn di ọ̀ràn ní ọdún 2019, Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021, Japan fúnra rẹ̀ sì ṣe òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà lórí jíjí àwòrán ìhòòhò tàbí àwọ̀tẹ́lẹ̀ ènìyàn yà ní oṣù Keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ogún ọdún tí kámẹ́rà fóònù ti ń dún níbẹ̀. Mo rò pé ọdún 2023 yẹn fi hàn pé orílẹ̀-èdè tí ìró náà ti bẹ̀rẹ̀ pàápàá rí i pé kò tó.

Ní ti fóònù yín, bí ẹ bá ti wá ibi tí a ti ń pa ìró náà nínú ètò rẹ̀ tí ẹ kò sì rí i, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ rọra ya nǹkan, ẹ fi ìka dí ihò tí ohùn ń gbà jáde. Ìró náà kò ní parẹ́, ṣùgbọ́n yóò dín kù.

Mo mọ̀ pé kámẹ́rà àtijọ́ ní nǹkan tí ó ń ṣí tí ó sì ń padé nínú rẹ̀. Kámẹ́rà inú fóònù mi kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí wá ni ó ń dún?

Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ orin nínú fóònù yín láìsí onílù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń gbọ́ kámẹ́rà tí kò sí níbẹ̀. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ pàápàá kì í dún. Ní ọdún 1839, nígbà tí ọ̀nà àwòrán yíyà ti Daguerre di mímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ayàwòrán kàn máa ń ṣí ìdérí ojú lẹ́ǹsì ni, yóò dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò sì dé e padà. Nígbà tí ohun èlò wá ń gba ìmọ́lẹ̀ kíákíá, ọwọ́ ènìyàn kò yá tó mọ́, ni wọ́n bá ṣe ìbòjú tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń pa dé, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní ṣọ́tà. Láti ibẹ̀ ni ìró ti wọlé.

Èyí tí ó dún jù lọ nínú wọn ni kámẹ́rà tí ó ní dígí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba lẹ́ǹsì wọlé máa ń kọlu dígí kan tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, dígí náà á sì darí rẹ̀ sókè sí ihò tí ayàwòrán ń yọjú wò. Nígbà tí ó bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á fò sókè kúrò lọ́nà, ìbòjú kìíní á ṣí, ìbòjú kejì á tẹ̀ lé e láti pa ihò náà dé, dígí á sì já bọ́ sí ipò rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á parí kí ènìyàn tó mí. Ìdí nìyí tí ìró náà fi dàbí ìlù tí a lù lẹ́ẹ̀mejì, tí èdè kọ̀ọ̀kan sì fi ń sín in jẹ ní ọ̀nà tirẹ̀: àwọn ará Japan ní kámẹ́rà ń dún "kasha", àwọn ará Kòréà ní "chalkak".

Èyí tí ẹ ń gbọ́ nínú iPhone ní ìtàn tí ó dùn mọ́ mi. Jim Reekes, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ohùn fún Apple, gba ìró kámẹ́rà rẹ̀, Canon AE-1, sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà Macintosh, kí ó lè máa dún nígbà tí ènìyàn bá ya àwòrán ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Ìró kan náà ni fóònù wá jogún. Ọdún 1976 ni Canon gbé AE-1 jáde, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọdé tí kò rí fíìmù rí mọ ohùn kámẹ́rà fíìmù kan dáadáa.

Iṣẹ́ àwòrán yíyà ni mò ń ṣe. Níbi ìsìnkú kan, ọ̀kan lára àwọn ẹbí olóògbé wá bá mi pé ariwo kámẹ́rà mi ń dí àdúrà lọ́wọ́, ojú sì tì mí gan-an. Ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n máa lo ipò tí kì í dún. Ṣé ó tọ̀nà?

Ó tọ̀nà, ẹ sì ti pẹ́ jù lórí rẹ̀, bí kámẹ́rà yín bá ní in. Níbi tí ènìyàn ti ń sunkún tàbí tí ó ti ń gbàdúrà, kò sí ìdí kankan tí ó yẹ kí ẹ̀rọ fi máa dá sí i. Àwọn tí ó ń ya àwòrán níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Inú àpótí kan tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ ni wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà wọn sí kí ìró rẹ̀ má baà wọ inú ohùn àwọn òṣèré. Níbi ìdíje gọ́ọ̀fù, ayàwòrán kò gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2002, inú bí ẹni tí ó ń gbé àpò ọ̀pá fún Tiger Woods tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Woods ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì jù ú sínú omi. N kò gbè sẹ́yìn irú ìbínú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ bí ìró kékeré ṣe lè wúwo tó níbi tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́.

Ohun kan wà tí ẹlẹgbẹ́ yín lè má sọ fún yín. Nígbà tí kámẹ́rà bá wà ní ipò tí kì í dún, kò sí ìbòjú tí ó ń ṣí tàbí tí ó ń padé. Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, ohun tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ni ó ń ka àwòrán ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ohun tí ẹ ń yà bá sáré kọjá, ó lè tẹ̀ nínú àwòrán, bí ọ̀pá gọ́ọ̀fù ṣe máa ń rí bí ọrun. Bí iná yàrá náà bá sì jẹ́ irú èyí tí ó ń ṣẹ́jú ní ọ̀nà tí ojú kò lè rí, ìlà dúdú àti ìlà funfun lè sán kọjá lára ojú àwọn ènìyàn, ẹ kò sì ní rí i títí ẹ ó fi dé ilé. Nítorí náà, ẹ dé ibẹ̀ ṣáájú, ẹ ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ iná ibẹ̀, kí ẹ sì fẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Àwọn kámẹ́rà kan, irú bíi Sony A9 III tí wọ́n kéde ní ọdún 2023, ń ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣòro yìí kò sì sí nínú wọn, àmọ́ owó ńlá ni wọ́n. Ẹni tí kò bá lè rà á lè ṣe ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ń ṣe kí ipò tí kì í dún tó dé: ẹ dúró de orin tàbí "àmín", kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀ àìdábọ̀. Ìró kan ṣoṣo, etí lè gbójú fò ó. Ogún tí ó tẹ̀ léra wọn, kò sí etí tí yóò gbà á.

Mo wà nínú ọkọ̀ èrò, mo sì kẹ́ẹ́fín pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń yà mí láti iwájú. Fóònù rẹ̀ kò dún rárá. Nígbà tí mo bi í, ó ní ojú mi wu òun ni, pé kò sí ohun tí òun bàjẹ́, àti pé bí òun bá kọ́kọ́ sọ fún mi, ojú mi á ti yí padà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Ṣé mo ti àṣejù bọ̀ ọ́ ni?

Rárá o, ẹ kò ṣe àṣejù. Mo sì fẹ́ fi ara balẹ̀ lórí èyí, nítorí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, àwọn ènìyàn ńlá sì ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní ọdún 1886, wọ́n ṣe kámẹ́rà kan tí ó pẹlẹbẹ bí àwo, tí ènìyàn ń so mọ́ abẹ́ ẹ̀wù, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ń yọjú láti ihò bọ́tìnnì. Carl Størmer, tí ó di gbajúmọ̀ onímọ̀ ìṣirò ní Nọ́wè lẹ́yìn náà, ra ọ̀kan nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1893. Yóò máa rìn ní òpópónà, yóò kí ẹni tí ó ń bọ̀, bí ẹni náà bá sì ṣí fìlà láti dá a lóhùn, yóò fa okùn tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Àwòrán wọ̀nyẹn lẹ́wà. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín nínú wọn ní àkókò tí ayàwòrán sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n le ojú. Ní ohun tí ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn èyí, láàárín ọdún 1938 sí 1941, Walker Evans, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà pamọ́ sínú kóòtù rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York, ó gba okùn rẹ̀ kọjá nínú apá ẹ̀wù, ariwo ọkọ̀ náà sì bo ìró kámẹ́rà. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ ni Evans náà ń wá: ojú ènìyàn nígbà tí kò mọ̀ pé a ń wo òun. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọdún 1966 ni ó tó kó àwọn àwòrán náà jáde nínú ìwé. Ó fi wọ́n pamọ́ fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Lójú tèmi, ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun mú kì í ṣe tòun nìkan.

Ní ọdún 1890, àwọn agbẹjọ́rò méjì ní Amẹ́ríkà, Samuel Warren àti Louis Brandeis, kọ àròkọ kan tí àwọn amòfin ṣì ń kà títí di òní, nípa ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwòrán tí a ń yà ní wàràwàrà wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ pé ó ń wọ inú ilé onílé. Ọdún méjì péré ni ó ti kọjá nígbà náà tí Kodak ti gbé kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ jáde. Ẹ̀dùn ọkàn yín, nígbà náà, kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ti ẹni tí kò mọ ìlò ayé òde òní.

Ní èdè wa, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé onílé máa ń kí àgò. Mo ti máa ń rò ó pé ìró kámẹ́rà dàbí àgò, ṣùgbọ́n àgò tí a kí lẹ́yìn tí a ti dé inú yàrá tán ni. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ, wọ́n ti yà yín. Síbẹ̀ àǹfààní kan wà nínú rẹ̀: ó fún yín ní àyè láti bèèrè, láti kọ̀, láti sọ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Fóònù tí kò dún gba àyè yẹn lọ́wọ́ yín, ẹni tí ó dì í mú nìkan ni ó sì lè dá a padà fún yín, nípa kí ó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ òtítọ́ pé ojú yín á ti yí padà bí ó bá kọ́kọ́ bèèrè. Ó lè yà yín tán kí ó sì wá bá yín lójú ẹsẹ̀, kí ó fi àwòrán náà hàn yín, kí ó sì pa á rẹ́ bí ẹ bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán òpópónà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ bi í, ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ yín.

Bí ọ̀rọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ó pa á rẹ́ ní ojú yín, kí ó sì tún pa á rẹ́ níbi tí fóònù ń kó ohun tí a pa rẹ́ sí, nítorí ó máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Bàbá mi ti dàgbà, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn láti máa ya àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ìró kámẹ́rà wọn ń dí wa lọ́wọ́, mo sì fẹ́ pa á. Àbùrò mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni ó jàre?

Àbùrò yín jàre. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá rí ojú fóònù kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ pé àwòrán ti wọlé. Bí ẹ bá pa ìró náà, wọn yóò máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, tàbí kí wọ́n gbé fóònù kúrò kí ó tó yà tán. Ohun tí ẹ lè ṣe fún wọn ni pé kí ẹ ṣí ètò tí ó ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù sókè. Nínú iPhone, VoiceOver ni orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń sọ iye ojú tí ó wà nínú àwòrán kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ kan bá ń sùn nítòsí, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí yàrá kejì, kí bàbá máa bá iṣẹ́ wọn lọ.